Fèrèsé Alẹ́ Jímọ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé Peckham rí. Níbi tí a wà yìí, ilẹ̀ tútù kì í ṣe èrè ẹnikẹ́ni. Láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹrin, bí ilé yóò ṣe gbóná ni gbogbo ayé ń wá, èmi Mìsítúrà ọmọ Oyèníran sì wà lára àwọn tó ń ti ara rẹ̀ jẹun. Kọ́tìnnì ni mò ń rán. Kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń ká sínú ọ̀rá tà. Kọ́tìnnì ìgbà òtútù ni, onípele mẹ́ta, tó jẹ́ pé tí mo bá fi kọ́ ojú fèrèsé tán, kí atẹ́gùn lọ wá ọ̀nà ibòmíràn gbà. Mo mọ iṣẹ́ mi dójú àmì. Ohun tó sì dùn mí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ni pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù lọ náà ni mo fi ṣe nǹkan tí mo ṣe.

Létí Rye Lane ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Aunty Sherifat ló ni ín. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, ó sì ti fi ọdún mẹ́rin wá ọkọ fún mi ju bí èmi fúnra mi ṣe wá a lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ní Sátidé kan, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ó na ìwé pélébé kan sí mi.

"Lọ bá mi wọn fèrèsé kan ní estate ẹ̀yìn library yẹn, third floor. Brother Nasrullah ni. Bọ́ọ̀sì ló ń wà, a jọ ń kírun. Ó ní òtútù fẹ́ pa òun."

"Aunty, ṣé fèrèsé nìkan ni mò ń lọ wọ̀n?"

"Kí lo tún fẹ́ wọ̀n?" Ó yíjú padà sí ẹ̀rọ rẹ̀. "Má gbàgbé tépù."

Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi ga, ó wọ súwẹ́tà méjì, oorun kò sì tán lójú rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, ilé tutù díẹ̀. Díẹ̀ kọ́. Mo fọwọ́ kan hítà, ó gbóná. Síbẹ̀ mò ń rí èémí ara mi láàárín pálọ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ògiri ṣófo, kọ́tìnnì funfun kan tí oòrùn ti jẹ sì wà lójú fèrèsé.

"Ta ló rán eléyìí?" Mo ti fẹ́ bú ẹni náà.

"Ìyàwó mi ló rà á." Ó fọwọ́ kan etí aṣọ náà. "Ó ti di olóògbé. Ó pé ọdún mẹ́ta ní September."

Ojú tì mí. Mo ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn fèrèsé kí n má bàa wo ojú rẹ̀. Ó lọ po tíì alátalẹ̀ fún mi. Nígbà tó gbé e dé, ó bi mí pé àwọ̀ wo ni mo rò pé yóò dáa.

"Àwọ̀ obì pupa. Àrán ni n ó fi rán an. Tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó rí i láti ìsàlẹ̀, ara yín á ti máa yá kẹ́ ẹ tó gun òkè."

"Ó ti pẹ́ tí ara mi ti yá gbẹ̀yìn láti gun òkè yìí," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni ó kó bá mi. Mo dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí n tó rí i pé n kò kọ ìwọ̀n kankan sílẹ̀. Mo ní láti padà lọ kan ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà, Nasrullah kò lọ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó wá ní Mọ́ńdè, ó ní òun fẹ́ tìmùtìmù méjì. Ó wá ní Wẹ́sìdeè, ó ní méjì kò tó. Nígbà tí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ní kí n rán tìmùtìmù mẹ́fà fún àga kan ṣoṣo.

"Brother Nasrullah," ni Aunty Sherifat wí, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, "ṣé ẹ̀yìn yín ló ń dùn yín ni, àbí ọkàn?"

Ó fojú wolẹ̀. Ọkùnrin ogójì ọdún ó lé ọ̀kan, ó fojú wolẹ̀ bí ọmọ ilé-kéú. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yí i po: mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ń tú ojú rírán tó dára, mo ń tún un rán, kí iṣẹ́ náà má bàa tètè parí.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ni mo lọ gbé kọ́tìnnì náà kọ́. Òun ló di àkàbà mú fún mi. Nígbà tí mo fà á pọ̀, àrán náà rọ̀ wálẹ̀ kan ilẹ̀, pálọ̀ sì yí padà lójú wa. Mo wọ inú kíṣìnnì lọ po tíì. Ó dúró ní pálọ̀ díẹ̀ kó tó wá bá mi. A jọ sọ̀rọ̀, a jọ rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo sì gbé tíì wá sí pálọ̀, mo rí i pé kọ́tìnnì náà ń mì.

Àrán onípele mẹ́ta kì í mì. Mo gbé tíì kalẹ̀, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, òtútù sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó dá mi lójú pé ó wà ní títì nígbà tí mo wà lórí àkàbà.

"Handle yẹn ló ti bàjẹ́," ni Nasrullah sọ lẹ́yìn mi. "Mo ti pe council tó ni ilé. Wọn ò tíì wá."

Gbogbo wa la mọ council. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ tì í, ó ní kí n fi í sílẹ̀, òun á tì í tó bá yá, ohùn rẹ̀ kò sì rí bí ó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀.

Aunty Sherifat ló bá wa ṣe alárinà. Ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára, ó lọ bá bàbá mi ní ilé. Mo wà ní yàrá kejì, mo gbé etí lé ògiri.

"Mi ò fẹ́ ẹ," ni bàbá mi sọ.

"Àlàájì, ọkùnrin tó ń kírun, tó níṣẹ́, tí kì í mutí. Ṣé màláíkà lẹ fẹ́ kó wá fẹ́ ẹ ni?"

"Sherifat, mo lọ kí i lọ́jọ́ Sunday. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo wo ilé yẹn, mi ò rí orúkọ ọmọ mi níbẹ̀. Ẹrù obìnrin náà ṣì wà nínú wardrobe. Ìbòrí rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Ìyàwó ẹni kú kì í ṣe àléébù."

"Mi ò sọ pé àléébù ni. Ẹni tí kò tíì sin ín ni mò ń sá fún."

 Ìyá mi, tó jókòó tì wọ́n, dá sí i, ó ní ọmọ òun kò kéré mọ́ o. Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Tí ilé yẹn bá di ilé Mìsítúrà kí January tó dé, kó wá. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó má wá."

Ọ̀rọ̀ náà yí mi lórí. Mo gbà á bí ẹni gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Ṣé ilé ni wọ́n fẹ́ kí n sọ di tèmi? Iṣẹ́ mi nìyẹn. Nasrullah fúnra rẹ̀ kó ẹrù inú wardrobe, ó gbé e lọ síbi tí n kò bi í. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Mo kun ògiri ní àwọ̀ iyẹ̀fun, mo rán aṣọ tó dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo wá iná kékeré oníbòrí tó ń tàn ràkọ̀ràkọ̀ sí kọ̀rọ̀. Síbẹ̀ pálọ̀ kò gbóná. N kò mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mò ń pa làpálàpá.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ní Àlàmísì mìíràn, ilẹ̀ ti ń ṣú ní agogo mẹ́rin bí ó ṣe máa ń ṣú ní December, mo gbé kápẹ́ẹ̀tì onírun kan léjìká lọ sí ilé náà. Nasrullah wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, òtútù kọlù mí. Iná kò sí. Mo rí obìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ìbòrí funfun wà lórí rẹ̀.

"Àìṣát," ló sọ, kò wẹ̀yìn. "Ṣé o ti dé?"

 Kápẹ́ẹ̀tì jábọ́ léjìká mi. Mo mọ̀ pé Àìṣát ni orúkọ olóògbé. Fún ìṣẹ́jú kan n kò mọ ẹni tó kú nínú àwa méjèèjì.

"Èmi ni, Mà," ni mo sọ nígbà tí ohùn mi jáde. "Mìsítúrà ni. Èmi tí mò ń rán kọ́tìnnì."

Obìnrin náà yíjú. Àgbàlagbà ni, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyàwó," ló wí jẹ́jẹ́. "Má bẹ̀rù. Ìyá Àìṣát ni mí. Brockley ni mò ń gbé, bọ́ọ̀sì ló gbé mi wá."

Mo wo fèrèsé. Ó ṣí sílẹ̀ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

"Ilẹ̀ Àlàmísì ti ṣú, alẹ́ Jímọ̀ la wà yìí," ni Mama sọ. "Àwọn èèyàn wa tó ti lọ, Ọlọ́run máa ń fún wọn láàyè kí wọ́n wá wo ilé. Wọ́n á dúró lójú fèrèsé, wọ́n á gbọ́ bóyá ẹnì kan ṣì ń dárúkọ wọn nínú àdúà. Tí wọ́n bá bá a ní títì, ẹkún ni wọ́n máa ń sun padà. Ìyá mi sọ fún mi. Ìyá tiẹ̀ sọ fún òun."

"Bàbá mi ní bidi'a ni, Mà. Wọ́n ní kò sí nínú sunnah."

"Bàbá ẹ mọ̀wé." Ó ń ka tẹ̀súbáà lọ. "Bàbá ẹ ò tíì sin ọmọ."

Mo bi í bóyá Nasrullah mọ̀. Ó ní Nasrullah ló fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní gbogbo Àlàmísì ni òun ń wá láti ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí Nasrullah bá ní kí òun má wá, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan àrán mi, ó ń fi àtàǹpàkò yẹ ojú rírán rẹ̀ wò.

"Iṣẹ́ ẹ dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Agbára káká ni mo fi ń wọ́ ọ."

 Inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí, ìlara sì wà lábẹ́ méjèèjì. Àwọn obìnrin mìíràn ní orogún tí wọ́n lè bá jà. Tèmi kì í ṣẹ̀, kì í darúgbó, kì í sì í kúrò nílé. Mo ti bá òkú ṣe orogún kí wọ́n tó so yìgì mi.

Ní Sátidé, Nasrullah wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo mú un lọ sẹ́yìn, láàárín àwọn aṣọ tí a ká jọ.

"Ẹ ní handle ló bàjẹ́."

Ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Mìsítúrà, mi ò fẹ́ pa irọ́."

"Irọ́ lẹ pa. Ẹ jẹ́ kí n rán aṣọ bo ojú fèrèsé tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní tì. Gbogbo iṣẹ́ mi, yẹ̀yẹ́ lẹ fi mí ṣe."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ tì í."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.  "Kí èmi tì í," ló sọ, kò dún bí ìbéèrè.

"Tàbí kẹ́ ẹ sọ fún Aunty Sherifat kó má padà lọ sọ́dọ̀ bàbá mi mọ́."

A jọ lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti fèrèsé, ó fi kọ́kọ́rọ́ kékeré tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Handle náà kò ní àrùn kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé òtútù ni.

Mama kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé sórí ẹ̀rọ mi, lórí aṣọ tí mò ń rán.

"Ilé ẹ ni," ló wí. "Má jẹ́ kó máa fi ebi wa bọ́ọ̀sì. Ó máa ń gbàgbé láti jẹun."

Ó jáde. Aunty Sherifat tẹ̀lé e títí dé ẹnu ọ̀nà, ó wò ó lọ, kò sì bá mi ṣàwàdà mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n so yìgì wa ní January. Bàbá mi wá sí ilé wa lẹ́yìn náà, ó bọ́ fìlà, ó bọ́ súwẹ́tà, ó ní ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti sùn kó wá síbí. Òótọ́ ni. Pálọ̀ náà gbóná, ó sì lẹ́wà. Ẹsẹ̀ ń rì sínú kápẹ́ẹ̀tì, iná kékeré ń tàn sára àrán, búláńkẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ hun wà lẹ́yìn sófà tuntun. Bethany tó ń bá wa gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wá ya fọ́tò rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń fi fọ́tò náà wá bá wa pé irú ìyẹn gẹ́lẹ́ ni àwọn fẹ́.

Ọkọ mi ṣe dáadáa sí mi. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó di Àlàmísì àkọ́kọ́, ó ní wọ́n fún òun ní late shift. Ó di Àlàmísì kejì, late shift ni. Mo jókòó sí pálọ̀ mi, mo gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, mo sì ṣàkíyèsí pé kọ́tìnnì ni mò ń wò. Kò mì. Mò ń retí kó mì. Ilé gbóná débi pé mo ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ ní etí ara mi. Nǹkan kan ha gíláàsì fèrèsé, bí èékánná. Mo sọ fún ara mi pé òjò ni. N kò sì dìde lọ wò ó.

Ní Àlàmísì karùn-ún, lẹ́yìn tó ti jáde, mo rí jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó gbé e kọ́. Ẹni tó ń lọ wa bọ́ọ̀sì kì í fi í sílẹ̀. N kò bi ara mi pé obìnrin wo ló lọ bá. Mo mọ̀ ọ́n. Ìbá ṣe pé alààyè ni, ǹ bá ti mọ bí n ó ṣe bú u.

Mo wọ kóòtù, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Brockley. Ìrun màgàríbì ti kọjá díẹ̀. Mo ti máa ń rí àdírẹ́sì Mama lára lẹ́tà tí Nasrullah ń bá a kọ sí council. Ìsàlẹ̀ ilé ló ń gbé, mo sì dá a mọ̀ láti ojú títì, nítorí fèrèsé kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ ní gbogbo òpópónà náà.

Mama ló ṣílẹ̀kùn. Kò yà á lẹ́nu. Nasrullah jókòó sórí àga onígi kan, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó kọjú sí atẹ́gùn. Àwọn aṣọ inú wardrobe ọjọ́ sí wà lórí bẹ́ẹ̀dì Mama, wọ́n ká wọn dáadáa.

"Ẹ ò lè sọ fún mi ni?" Nasrullah ni mo kọjú sí. "Ẹ fi mí sílẹ̀ sínú ilé yẹn lémi nìkan. Gbogbo ọ̀sẹ̀."

Ó ṣì ń wo fèrèsé. "Ikọ́ fée ló máa ń ṣe Àìṣát. Ó fẹ́ràn kí fèrèsé ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ tó kú, mo ti ibi iṣẹ́ dé, òjò ti pa mí. Ó ti sùn lórí àga. Òtútù mú mi, Mìsítúrà. Mo ti fèrèsé, mo lọ wẹ̀."

"Dókítà ní kì í ṣe fèrèsé," ni Mama sọ kíákíá, bí ẹni tó ti sọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. "Mo ti sọ fún un. Inhaler ló jìnnà sí i."

"Èmi ni mo tì í," ni ọkọ mi sọ.

Mo rántí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ti fèrèsé yẹn mọ́ obìnrin náà, èmi ni mo sì rán an níṣẹ́ ní èkejì. Mo dúró láàárín ilé onílé, n kò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí. Ó ṣe mí bíi kí n sá padà sínú ooru mi. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò sí níbẹ̀. Ibi tó wà nìyí.

Mama gbé àga kejì wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ mi. "Má bọ́ kóòtù ẹ," ló wí. "Jókòó. A fẹ́ ṣàdúà."

N kò tíì jókòó. Mo rìn lọ síwájú fèrèsé náà, atẹ́gùn ń gún mi lójú. Àìṣát kéré sí mi lọ́jọ́ orí nígbà tó kú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣáájú wọlé ọkọ ni ìyálé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tutù.

"Ìyálé mi," ni mo sọ, "ẹ káalẹ́. Ẹ má bínú pé mi ò tètè wá kí yín. Èmi ni Mìsítúrà."